Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Sínóò Yẹn, Ibo Lẹ Fẹ́ Kó O Sí?

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Látìgbà tí ìjì òjò dídì yẹn ti kọjá ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, àwọn ará abúlé tí ilé wọn jìnnà sí títì ni mo sì kọ́kọ́ mú lọ́tẹ̀ yìí, torí ará ìgboro tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ lè fi ìgbálẹ̀ gbá tiẹ̀ kó padà lọ sùn. Ẹ̀yin tí ojú ọ̀nà yín gùn bí ìrìn àjò lọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí mo ka gbogbo lẹ́tà yẹn tán, ohun kan náà ni mo rí nídìí wọn: kálukú ti gbé ṣọ́bìrì, kò sẹ́ni tó ti ronú ibi tó máa da sínóò ọ̀hún sí. Ẹni tí ò bá sì ti mọ ibi tó ń dà á sí, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kó o, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Sínóò tó bọ́ lọ́dọ̀ wa kan orúnkún mi. Láti ẹnu ilẹ̀kùn wa dé títì tó 40 mítà, èmi àti ọkọ mi nìkan la wà nílé, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Wọ́n ti gbé ṣọ́bìrì, wọ́n láwọn máa kó gbogbo ẹ̀ tán kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ti darúgbó ni. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ni mo sì máa sọ fún wọn? — Ìyàwó Alágídí*

Ìyàwó wa, ẹ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ bàbá yẹn ná, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbà á.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀, bóyá ìṣirò máa bá mi bá wọn sọ ọ́. Ọ̀nà yín gùn ní mítà 40, ká ní ó fẹ̀ ní mítà 3 kí mọ́tò lè ráyè kọjá, ká tiẹ̀ ní sínóò ọ̀hún ò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín jù bẹ́ẹ̀. Kúbíìkì mítà 36 nìyẹn. Sínóò gbígbẹ tó ti jókòó díẹ̀, kúbíìkì mítà kan ẹ̀ máa ń wọn nǹkan bí 100 kílò, 3,600 kílò ti dé nìyẹn, ìwúwo mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta lẹ fẹ́ fọwọ́ gbé yẹn o. Tó bá wá jẹ́ èyí tó rin, tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì bí amọ̀, ó lè di 300 kílò fún kúbíìkì mítà kan, àpapọ̀ ẹ̀ á lé ní 10,000 kílò. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ gbé ìyẹn tán kó tó dọ̀sán. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ni pé òtútù máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, iṣẹ́ apá náà sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ lọ, tí èèyàn bá wá tún sé èémí nígbà tó fẹ́ gbé ṣọ́bìrì tó kún, ọkàn á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ti há. Ibẹ̀ làwọn kan ń ṣubú sí, tó fi mọ́ àwọn tí ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Tí àyà bá ń fún èèyàn, tí apá tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ń dùn ún, tí òógùn tútù bá bò ó, tí èémí ẹ̀ ò délẹ̀, kó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó bóyá á lọ. Bàbá wa, tí wọ́n bá máa gbà fún mi, kí wọ́n má fọwọ́ kan sínóò rárá, kẹ́ ẹ wá ọ̀dọ́ kan tàbí ẹni tó ní katakata kó bá yín ṣe é.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ara ilé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ilé ká, ẹ wá ihò tí èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbà jáde, ó sábà máa ń wà lára ògiri nísàlẹ̀, sínóò sì lè bò ó pátá. Tó bá ti dí, gáàsì carbon monoxide lè padà sínú ilé, kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, ó kàn máa ń kun èèyàn lóorun ni, ẹni tó bá sì ti sùn nínú ẹ̀ lè má jí mọ́. Ẹ fi ọwọ́ àti ìgbálẹ̀ ro ibẹ̀ mọ́. Bákan náà ni fún sílíńdà gáàsì ńlá tó bá wà níta, ìgbálẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbọn orí ẹ̀ àti páìpù ẹ̀, ẹ má fi ṣọ́bìrì gún un. Jẹnẹrétọ̀ náà, tí iná bá lọ, ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kó kẹ̀yìn sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ wa sínóò kúrò nídìí sàlẹ́ńsà ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ pé òun ń yáná lọ́wọ́ nígbà tí ẹlòmíì ń wa sínóò níta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ò fẹ̀ ju ṣọ́bìrì méjì lọ, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé títì, kí áńbúláǹsì tàbí panápaná tó bá dé lè fẹsẹ̀ rìn wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọlé jàre. Ọ̀nà mọ́tò lè di ọ̀la.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ṣe ọ̀nà mọ́tò, ńṣe ni kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́bìrì ti sínóò lọ, ẹ má gbé e. Ibi tó bá di dandan kẹ́ ẹ gbé e, kó má kún, ẹ tẹ orúnkún, kí ṣọ́bìrì sún mọ́ ara yín, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yí gbogbo ara sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dà á sí, ẹ má yí ìbàdí nìkan, ẹ má sì dà á gba orí èjìká, ẹ̀yìn tó bá yẹ̀ nínú sínóò kì í tètè sàn. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ fi àbẹ́là ra ojú ṣọ́bìrì kí sínóò má lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta tí wọ́n wọ̀ léra wọn dára ju kóòtù ńlá kan lọ, torí òógùn tó bá rin aṣọ ara ló ń di òtútù tó ń wọ egungun nígbà tẹ́ ẹ bá dúró. Tí ìjì míì bá tún wá dé, ẹ má dúró kó tó tán, tó bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 15 kẹ́ ẹ jáde lọ tì í kúrò, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ má dà á ti ògiri ilé o. Èmi náà ṣe é lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ní ilé tèmi, mo kó gbogbo ẹ̀ ti ògiri, mo tò ó rèǹtè-rente, mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀, nígbà tó yọ́, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ wa ló ṣàn sí, ọjọ́ méjì la fi ń gbọ́n omi.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo kó ẹnu ọ̀nà mi tán láago méje àárọ̀, nígbà tó di aago mẹ́jọ ọkọ̀ ìjọba tó ń ti sínóò kọjá, ó da gbogbo ẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì le bí òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti ṣe é fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ó ń bá mi jà ni? — Ọmọkùnrin Etí Títì*

Kò mọ̀ ẹ́ rí, àbúrò. Ńṣe ni irin iwájú ọkọ̀ yẹn dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, sínóò sì ń yí lọ lójú irin náà bó ṣe ń lọ, òkìtì etí títì ló ń dá a dúró. Tó bá wá kan ẹnu ọ̀nà ẹ, kò sí òkìtì tó máa dá a dúró mọ́, gbogbo ohun tó ti ń kó bọ̀ ló máa dà síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó bá mọ́ jù lọ ló ń gbà á jù, ìyẹn sì máa ń dun èèyàn.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ kó o kọjú sí títì. Níbi tí mọ́tò ti ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì ẹ ni ọkọ̀ yẹn ti máa yọ, níbi tí wọ́n ti ń rìn lọ́wọ́ òsì, ọ̀tún ẹ ni. Apá ibi tó ti ń yọ yẹn, wa ihò gbọọrọ kan sí etí títì, kó gùn tó mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó ṣáájú ẹnu ọ̀nà ẹ gan-an. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn máa kọ́kọ́ tú ẹrù ẹ̀ sí, á ti ṣófo kó tó kan ẹ. Sínóò tó o bá kó lójú ọ̀nà ẹ, apá kejì ni kó o dà á sí, ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Kì í ṣe pé kò ní ku nǹkan kan o, ṣùgbọ́n ó máa kéré gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Tó o bá sì mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn ò tíì kọjá, fi mítà méjì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ títí á fi kọjá, èyí tó bá wá dà, wa á lójú ẹsẹ̀, torí sínóò tí irin ti rún mọ́ra kì í pẹ́ di odindi yìnyín, wákàtí díẹ̀ ni.

Má tì í sójú títì láti fi gbẹ̀san. Níbi púpọ̀ òfin kọ̀ ọ́, ẹni tó bá fi mọ́tò gun òkìtì yẹn lóru sì lè jẹ́ ará ilé ẹ. Òkìtì etí títì ò gbọdọ̀ ga débi pé o ò ní rí mọ́tò tó ń bọ̀. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé, má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò sínú ẹ̀ láti fi ṣeré, ó lè ya lé wọn lórí, ẹni tó sì ń wa ọkọ̀ ìjọba yẹn ò lè rí wọn níbẹ̀.

*Ojú ọ̀nà tèmi ò ní kọnkéré, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Mo ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ sínóò, ńṣe ló ń fẹ́ òkúta bí ìbọn. Ó tún máa ń há, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè fi ọwọ́ yọ ọ́ tí mo bá ti pa ẹ́ńjìnnì. — Onímáṣíìnì Tuntun*

Ìbéèrè kejì ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Rárá o. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Kódà nígbà tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, agbára tó há sínú irin tó ń yí yẹn ṣì lè wà níbẹ̀, bí sínóò bá ṣe tú báyìí, á yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì ti tó gé ìka. Ẹ pa á, ẹ dúró kí gbogbo nǹkan dákẹ́, kẹ́ ẹ fi igi gígùn tàbí ọ̀pá tí wọ́n tà mọ́ ọn rọ́ ọ jáde. Àwọn tó ti pàdánù ìka sí i, ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ti òkúta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà méjèèjì, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan tó dà bíi bàtà, ó ní bóòtù. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ gbé ẹnu ẹ̀rọ náà sókè tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 kó má kan ilẹ̀. Ó máa fi sínóò díẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀, èyí tó kù yẹn ni mọ́tò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, á dì, á di bí ilẹ̀ míì lórí òkúta, látìgbà yẹn lọ ẹ̀rọ yín ò ní rí òkúta gbé mọ́ títí òtútù fi máa lọ. Ẹ ṣáà wo ibi tí ẹnu ẹ̀ kọjú sí. Mo mọ ẹnì kan tó fi tiẹ̀ fọ́ fèrèsé aládùúgbò, kò sẹ́ni tó gbà pé kì í ṣe ìjà tí wọ́n ti ń bá bọ̀ ni.

Tí irin iwájú bá sì dédé dẹ́kun yíyí tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké, bóòtù kékeré kan ló já. Wọ́n dìídì ṣe é rọ̀ kó lè tètè já, kí gíà má baà fọ́. Irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀, ẹ má fi bóòtù líle tẹ́ ẹ rí nínú àpótí ṣe é.

*Iyọ̀ ni mo ń dà sílẹ̀, bí mo bá ṣe ń dà á tó, yìnyín ọ̀hún ò yọ́. Kànga la ń mu nílé wa o. — Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ dáwọ́ dúró. Iyọ̀ lásán máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí dé nǹkan bíi dígírì 9 nísàlẹ̀ òdo, tó bá ti tutù ju ìyẹn lọ, ńṣe lá máa fà, tó bá wá kọjá dígírì 21 nísàlẹ̀ òdo, kò lè yọ́ ohunkóhun mọ́. Calcium chloride lè ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà iyọ̀ ni, kànga yín náà ló ń lọ. Iyọ̀ kì í kú, ẹ rántí. Tí yìnyín bá yọ́, á bá omi wọlẹ̀, inú omi tí ẹ̀ ń mu lẹ máa pàdé ẹ̀, ẹni tí wọ́n ti ní kó yẹra fún iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru á wá máa mu ún láìmọ̀. Ó ń pa òdòdó àti igi etí ọ̀nà, ó ń ta ajá lẹ́sẹ̀, ó sì ń jẹ kọnkéré tuntun.

Yanrìn ni mo fọwọ́ sí fún ilé tó ní kànga. Kò ní yọ́ yìnyín, àmọ́ bàtà àti táyà á rí nǹkan dì mú, ìyẹn náà lẹ sì ń wá. Sínóò tẹ́ ẹ bá tètè kó kúrò kó tó di yìnyín ò tiẹ̀ ní bèèrè iyọ̀ lọ́wọ́ yín. Orí àtẹ̀gùn nìkan, tó bá pọn dandan, ẹ lè wọ́n iyọ̀ fírífírí, kí hóró kan jìnnà sí èkejì, tí yìnyín bá ti tú kẹ́ ẹ gbá a kúrò. Níbi tó bá ṣì ń yọ̀, ẹ máa rìn bí alágẹmọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kó jókòó, kẹ́ ẹ tó gbé ìkejì.

*Ṣé mo lè da omi gbígbóná sí àtẹ̀gùn kó lè yọ́ kíá? — Oníkánjú*

Òwe ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n nínú òtútù yìí, yìnyín lẹ máa tẹ̀. Ẹ má dà á. Gíláàsì mọ́tò náà, ẹ má dà á sí i, ó lè là.

*Mo fẹ́ kó gbogbo sínóò àgbàlá sí ẹ̀yìnkùlé, orí sọ́kàwéè, torí kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀. — Bàbá Àgbàlá*

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Sínóò tó fúyẹ́ tó bọ́ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kúbùsù ni, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀ kì í jẹ́ kí òtútù ráyè wọ ilẹ̀. Tí ẹsẹ̀ tàbí katakata bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, òtútù á wọ ilẹ̀ lọ bá páìpù, páìpù á dì. Òkìtì ńlá tẹ́ ẹ bá tún kó síbẹ̀, nígbà tó bá yọ́, omi ẹ̀ ló máa kún ilẹ̀ tí omi ilé yín yẹ kó máa wọ̀, ẹ ò ní fẹ́ rí ohun tó máa padà sínú ilé. Ibi tó bá da gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé àti kànga lẹ máa kó o sí.

*Sínóò orí òrùlé wa ti pọ̀ jù, lóru a máa ń gbọ́ ìró "kẹ̀ẹ̀" lókè àjà. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun máa gun àkàsọ̀. — Ẹni Tí Ò Róorun Sùn*

Kó sọ̀kalẹ̀. Réèkì òrùlé wà, tí ọ̀pá ẹ̀ gùn, ilẹ̀ lèèyàn ń dúró sí fà á. Kó fa apá kan díẹ̀, kó yí lọ fa apá kejì díẹ̀, kí ẹrù má baà wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sílẹ̀ kó má baà ya òrùlé, kó má dúró sábẹ́ ibi tí sínóò ti máa já, kó sì wo òkè dáadáa bóyá wáyà iná wà nítòsí, torí ọ̀pá irin àti wáyà kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìró yẹn ò dùn mọ́ mi nínú ṣá. Tí ilẹ̀kùn inú ilé tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ti ń há, tí ògiri tàbí àjà bá ń là, tí òkè bá ń tẹ̀ wọnú, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kẹ́ ẹ pe àwọn tó mọ iṣẹ́ ilé. Ẹ má ronú ẹrù.

*A kó ọ̀nà wa tán, kò sí òjò dídì míì tó bọ́, síbẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti kún padà. Atẹ́gùn ló ń kó o wá látinú pápá. Ọdọọdún ni, ibì kan náà ni. — Ará Oko*

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí tiyín ò nílò agbára, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fúnra ẹ̀ gbé e sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ló kù. Ọgbà ni kẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe ògiri o. Kó jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí nẹ́ẹ̀tì oníke, kí ìdajì ẹ̀ jẹ́ àlàfo. Ògiri tó dí pa máa ń kó òkìtì kúkúrú tó ga jọ sídìí ara ẹ̀, á sì tètè kún, ṣùgbọ́n ọgbà tó ní àlàfo máa ń fa atẹ́gùn sẹ́yìn díẹ̀, sínóò tó ń gbé á rẹ̀ ẹ́, á jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà náà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí sínóò má baà bo ọgbà fúnra ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń ṣe ọgbà ọ̀hún sí etí ọ̀nà gan-an, òkìtì náà á wá bọ́ sójú ọ̀nà. Òkìtì ẹ̀yìn ọgbà lè nà tó ìlọ́po 35 gíga ọgbà náà. Ọgbà tó bá ga ní mítà 1.2, ó yẹ kó jìnnà tó mítà 42 sí ojú ọ̀nà, ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ aládùúgbò, ẹ lọ bá a sọ ọ́ kí òtútù tó dé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò ní kọ̀, omi tó máa yọ́ wọ ilẹ̀ wọn wúlò fún wọn. Tí àyè bá sì wà, igi tẹ́ ẹ gbìn ní ìlà méjì mẹ́ta máa ṣe iṣẹ́ kan náà, yóò kàn gba ọdún mélòó kan kó tó dàgbà.

Ilẹ̀ ti dì báyìí, ẹ ò lè ri òpó kankan mọ́lẹ̀ títí yóò fi yọ́, nígbà yẹn ẹ ó sì ti gbàgbé ibi tí òkìtì yẹn máa ń wà gan-an. Lónìí yìí, kí ẹ tó wa á kúrò, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi tàbí òpó tó bá sún mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.